Kí ẹ tó yí DNS padà, ẹ kọ́kọ́ yẹ áàpù yín wò

Ìbéèrè: A fẹ́ kó iṣẹ́ wa kúrò lórí sáfà kan lọ sórí òmíràn. Ìkànnì wa wà níbẹ̀, áàpù fóònù ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì ń pe API wa (ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) láti orí ẹ̀rọ tiwọn. Ọ̀gá wa ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, pé kí a kàn yí DNS padà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo ẹ̀ á ti parí. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó yẹ kí àwa tí à ń kọ áàpù ti ṣe ṣáájú, kí àwọn oníbàárà wa má bàa mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì pọ̀. Ọ̀gá yín ò purọ́ o. DNS ni ìwé ìtọ́ka tó ń sọ nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì (IP) sáfà tí orúkọ kan ń lò. Yíyí DNS padà fúnra rẹ̀ ò ju pé kí ẹ pa nọ́ńbà kan rẹ́, kí ẹ kọ òmíràn sí ipò rẹ̀ lọ. Àmọ́ ìkéde lásán ni nọ́ńbà tuntun yẹn. Kò sí ẹni tó lè fipá mú áàpù kankan láti gbọ́ ọ lásìkò tí ẹ kọ ọ́. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu ìgbà tó máa tún béèrè àdírẹ́ẹ̀sì, àwọn kan sì wà tí wọn ò ní béèrè mọ́ láé, àfi tí ẹnìkan bá pa wọ́n tó sì tún wọn tàn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ áàpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú òru yẹn ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

TTL, àti ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dín in kù kí ọjọ́ tó pé

Gbogbo àkọsílẹ̀ DNS ló ní iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹni tó gbà á lè fi pa á mọ́ kó tó padà wá béèrè. Òun ni à ń pè ní TTL, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ìlànà DNS sínú RFC 1034 àti RFC 1035 (RFC ni ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) lọ́dún 1987. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ tẹ èyí:

`dig api.example.com A`

Nínú ìdáhùn rẹ̀, ẹ máa rí ìlà kan tó jọ báyìí:

`api.example.com.  2914  IN  A  203.0.113.10`

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tún un tẹ̀. 2914 á ti di 2904. Resolver tí ẹ̀ ń lò, ìyẹn sáfà tó ń bá yín béèrè DNS tó sì ń pa ìdáhùn mọ́, ló ń kà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé òun ṣì máa di àdírẹ́ẹ̀sì yìí mú fún ìṣẹ́jú àáyá 2904 sí i, ì báà ṣe pé ẹ ti yí i padà lọ́dọ̀ tiyín. Bí ẹ bá wá lọ béèrè tààrà lọ́wọ́ sáfà DNS tó ni orúkọ náà, iye tí ẹ máa rí ò ní yẹ̀: tó bá jẹ́ 3600 ni ẹ kọ síbẹ̀, 3600 ló máa máa fún yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé. Ká ní TTL yín jẹ́ 86400, tó jẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ di 60 ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ wá yí àdírẹ́ẹ̀sì padà ní aago mọ́kànlá. Resolver tó béèrè nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ti gba 86400 tiẹ̀ lọ. Ọ̀la, nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá tún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ló tó máa padà wá. Kò mọ̀ rárá pé ẹ dín TTL kù. Títí di àsìkò yẹn, gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀dọ̀ resolver náà kọjá, sáfà àtijọ́ ni wọ́n ń lọ. Nítorí náà, ẹ dín in kù sí 300 tàbí 60 ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì fi dig yẹ̀ ẹ́ wò láti orí nẹ́tíwọ̀kì tó ju ẹyọ kan lọ. Mi ò fara mọ́ 0, torí gbogbo ìsopọ̀ tuntun ló máa di ìbéèrè DNS, ọjọ́ tí sáfà DNS yín bá sì fà sẹ́yìn díẹ̀, gbogbo áàpù ló máa jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn resolver kan wà tí wọn kì í ka TTL kékeré sí. Wọ́n ní iye tiwọn tí wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá. RFC 8767, tó jáde lọ́dún 2020, tún fàyè gba resolver láti máa lo ìdáhùn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá bí kò bá lè rí sáfà DNS tó ni orúkọ náà bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń ṣírò bí sáfà àtijọ́ ṣe máa pẹ́ tó lórí iná, ẹ má fi TTL nìkan ṣe é.

Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ yín ní AAAA, àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí àdírẹ́ẹ̀sì IPv6 bí A ṣe ń tọ́ka sí ti IPv4. Ẹnìkan á yí A padà, á gbàgbé AAAA, gbogbo ẹni tó ní IPv6 á sì máa lọ sí ibi àtijọ́. Àwọn bíráúsà máa ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa sáfà àtijọ́, torí pé wọ́n ń lo ìlànà Happy Eyeballs, tí RFC 8305 ṣàlàyé lọ́dún 2017: bí ọ̀nà kan ò bá tètè dáhùn, láàárín nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá wọ́n á ti máa gbìyànjú èkejì. Áàpù tí kóòdù rẹ̀ kàn ń mú àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tó sì ń dúró tì í ò ní irú oore yẹn. Ẹ máa gbọ́ pé ìkànnì ń ṣiṣẹ́, áàpù ò ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní lọ́kàn láti lo orúkọ tuntun, ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ kí áàpù kankan tó béèrè rẹ̀. Ìdáhùn pé orúkọ kan ò sí, resolver máa ń pa òun náà mọ́. SOA yín, àkọsílẹ̀ ètò orúkọ yín nínú DNS, ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, gẹ́gẹ́ bí RFC 2308 ti ọdún 1998 ṣe là á sílẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má kó DNS yín kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lọ sọ́wọ́ òmíràn lọ́sẹ̀ kan náà tí ẹ̀ ń kó sáfà. TTL àwọn àkọsílẹ̀ NS (tó ń sọ sáfà DNS tó ni orúkọ kan) tó wà lọ́dọ̀ .com jẹ́ 172800, ọjọ́ méjì gbáko, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dín in kù.

Áàpù náà ní ohun tó ń pa mọ́

Bí TTL bá ti yanjú, ọ̀pọ̀ á gbà pé ó ti tán. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ áàpù, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé TTL kì í sábà dé inú áàpù. Ọ̀pọ̀ èdè kóòdù ló ń gba ọ̀dọ̀ getaddrinfo béèrè àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀rọ, getaddrinfo kì í sì fúnni ní TTL. Àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ló ń dá padà. Áàpù tó bá wá fẹ́ pa ìdáhùn náà mọ́, fúnra rẹ̀ ló máa yan iye àkókò tó wù ú.

Java ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. JVM, ètò tó ń mú áàpù Java ṣiṣẹ́, ní cache DNS (ibi ìpamọ́ ìdáhùn) tirẹ̀. Lórí OpenJDK, ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń pa ìdáhùn mọ́ bí kò bá sí security manager (ètò ààbò Java kan). Bí ó bá wà, kì í gbàgbé mọ́ títí tí ẹ fi máa pa á. Inú àwọn áàpù Java àtijọ́ ni security manager sábà máa ń wà, àwọn yìí kan náà ló sì máa ń ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìsinmi. Ohun tí ẹ máa ṣètò ni `networkaddress.cache.ttl`. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì java.security, tàbí kí ẹ fi `Security.setProperty` gbé e kalẹ̀ kí áàpù tó béèrè orúkọ kankan. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti fi `-D` kọ ọ́ sí ìlà tí wọ́n fi ń tan JVM, tí ọkàn wọn sì balẹ̀. JVM ò kà á sí bẹ́ẹ̀, torí ààtò ààbò ni, kò sí lára àwọn tí `-D` ń dé.

Ẹ wá wo nginx, sọ́fítíwíà tó ń gba ìpè tó sì lè darí rẹ̀ lọ sí sáfà mìíràn. Bí ẹ bá ní nginx tó ń darí ìpè lọ sí sáfà tí ẹ fẹ́ kó, client lòun náà, ìyẹn ẹni tó ń pe sáfà. Orúkọ tó wà nínú `proxy_pass` rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wá a, nígbà tó bá ń tan tàbí nígbà tí ẹ bá ní kó tún ètò rẹ̀ kà. Ó lè di àdírẹ́ẹ̀sì yẹn mú fún ọdún kan. Bí ẹ bá kọ `resolver` sínú ètò rẹ̀, tí ẹ sì fi orúkọ náà sínú variable kí `proxy_pass` tó lò ó, nígbà náà ló máa ń tún un béèrè, á sì tẹ̀lé TTL. Bí ìyẹn bá nira fún yín, ẹ kàn kọ ọ́ sínú ètò òru náà pé ẹ máa ṣe `nginx -s reload` lórí gbogbo ẹ̀rọ tó kàn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é síbẹ̀.

Go, Node.js àti Python kì í pa DNS mọ́ fúnra wọn bí ẹ ò bá fi nǹkan mìíràn kún un. libcurl, àkójọ kóòdù (library) tí ọ̀pọ̀ áàpù fi ń pe sáfà, ń pa á mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹni tó bá ń lo àwọn yìí lè rò pé òun ti bọ́. Ẹ ka ìyókù ná.

Ìsopọ̀ tó ti ṣí kì í béèrè DNS

Bí mo bá ní àǹfààní láti sọ ohun kan ṣoṣo fún yín, èyí ni máa sọ. Ìgbà tí áàpù bá fẹ́ ṣí ìsopọ̀ tuntun nìkan ló ń wá àdírẹ́ẹ̀sì. Bí ìsopọ̀ TCP bá ti wà láàárín òun àti sáfà àtijọ́, ó lè máa rán ìpè gba orí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní bi DNS ní nǹkankan. Àwọn áàpù òde òní sì ń sapá gan-an láti má tú ìsopọ̀ ká, torí TCP (ìsopọ̀ fúnra rẹ̀) àti TLS (ààbò orí rẹ̀) máa ń gba àkókò láti tún ṣe. Keep-alive, pool (àkójọ ìsopọ̀ tó wà ní ṣíṣí), HTTP/2, WebSocket: gbogbo wọn ni wọ́n ṣe kí ìsopọ̀ lè pẹ́.

Ibi tó ti ń dunni ni pé áàpù tó ń ṣiṣẹ́ jù ló ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ sáfà àtijọ́. Ẹ wo Go. Nínú DefaultTransport rẹ̀, ìsopọ̀ tó bá wà láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 90 á pa dé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tí ìpè ń gba orí rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kò fìgbà kan wà láìṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó máa pa á dé. Oníbàárà tó ń ṣí áàpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ á ti dé ọ̀dọ̀ sáfà tuntun, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń pe API yín lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ṣì wà lórí ti àtijọ́. Àwọn tó ṣe pàtàkì sí yín jù lẹ ò sì fẹ́ kó já lu.

Ohun tí ìsopọ̀ nílò ni ọjọ́ orí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ì báà máa ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. Nínú .NET, `PooledConnectionLifetime` ni. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kò ní òpin, torí náà ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì tàbí márùn-ún. HikariCP tí ọ̀pọ̀ áàpù Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ ní `maxLifetime`, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sí i. Ẹ dín in kù fún ọ̀sẹ̀ ìkósáfà bí dátábéèsì náà bá ń lọ. OkHttp lórí Android máa ń pa ìsopọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn ò sì burú fún fóònù. Níbi tí library yín ò bá ti ní irú ètò yìí, ẹ jẹ́ kí kóòdù yín máa pa client HTTP náà dé, kó sì ṣẹ̀dá òmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ lè ti ọ̀dọ̀ sáfà ran àwọn tí ẹ ò lè tún kóòdù wọn ṣe lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí DNS padà, ẹ jẹ́ kí sáfà àtijọ́ máa fi `Connection: close` sínú gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Lórí HTTP/2, GOAWAY ló ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. WebSocket ní nọ́ńbà 1001 tó túmọ̀ sí pé sáfà ń lọ. Client á parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, á pa ìsopọ̀ náà dé, á tún orúkọ béèrè, á sì gba ọ̀dọ̀ sáfà tuntun lọ. Ẹ má lé gbogbo WebSocket jáde lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ lé wọn díẹ̀díẹ̀, kí áàpù náà sì dúró fún àkókò tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba kó tó padà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo wọn ló máa ya lu sáfà tuntun lákòókò kan.

Èyí tí mi ò fẹ́ rí ni kí ẹnìkan yọ sáfà àtijọ́ kúrò lórí iná lójijì. Bí ẹ̀rọ náà bá kú láìdágbére, client ò ní mọ̀ pé ìsopọ̀ ti kú. Lórí Linux, bí ó bá ní dátà tó fẹ́ rán, á máa tún un rán fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí kò bá ní ohun tó ń rán, tó kàn ń dúró, keepalive TCP, bí áàpù bá tilẹ̀ ti tan án, máa ń dúró fún wákàtí méjì kó tó ránṣẹ́ àkọ́kọ́ láti wádìí. Ìsopọ̀ tuntun sí àdírẹ́ẹ̀sì tó ti kú náà lè lo ìṣẹ́jú méjì kó tó jáwọ́. Ẹ fún áàpù yín ní timeout tiyín: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún fún ìsopọ̀, àti iye tó bá iṣẹ́ yín mu fún ìdáhùn. Timeout tí ẹ ò kọ, ẹ̀rọ á bá yín kọ ọ́, tiẹ̀ á sì gùn ju ohun tí oníbàárà lè fara dà lọ.

Àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹnìkan fọwọ́ kọ

Ẹ wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà IP àtijọ́ wà. Ẹ fi grep wá a nínú kóòdù, nínú fáìlì ètò, nínú cron (iṣẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ lásìkò), nínú àwọn script tí ẹni tó kọ wọ́n ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ wo `/etc/hosts` lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ìlà kan tí ẹnìkan fi síbẹ̀ láti dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀kan máa ń wà níbẹ̀ títí, ó sì máa ń borí DNS pátápátá.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pe API yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní firewall tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn jáde lọ sí ibi tí wọn ò mọ̀, IP yín ni wọ́n sì kọ sí i. Ẹ fún wọn ní IP tuntun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n fi kún ti àtijọ́ láìyọ ti àtijọ́ kúrò. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì: sáfà yín náà ń pe àwọn ẹlòmíràn, bóyá ibi tí owó ń gbà wọlé tàbí ibi tí SMS ń gbà jáde. Bí wọ́n bá ń fi IP dá yín mọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ sáfà tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ fi IP rẹ̀ sínú SPF (àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ ẹ̀rọ tó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ yín) ṣáájú.

Áàpù fóònù ló máa gba ìfaradà yín jù, torí ẹ ò ní àṣẹ lórí ìgbà tí ènìyàn máa gba ẹ̀dà tuntun sórí fóònù rẹ̀. Ohun tó bá yẹ kó wà nínú áàpù, oṣù kan tàbí méjì ṣáájú ni kí ẹ ti gbé e jáde. Ẹ wò ó bóyá áàpù náà ń so ara rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ìwé-ẹ̀rí TLS kan pàtó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí sáfà tuntun sì ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn, gbogbo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ló máa kọ̀ ọ́, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lọ sórí sáfà tuntun, tàbí kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì kún áàpù kí ẹ sì dúró títí tí ẹ̀dà náà fi máa kárí. Bí kò bá tilẹ̀ so mọ́ kọ́kọ́rọ́, ìwé-ẹ̀rí TLS gbọ́dọ̀ ti wà lórí sáfà tuntun kí DNS tó yí. Ètò tó bá ń gba ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀ nípa pé kí orúkọ kọ́kọ́ tọ́ka sí i ò ní lè gbà á ṣáájú, àfi tí ẹ bá gba ọ̀nà àkọsílẹ̀ TXT inú DNS.

Nígbà tí sáfà méjì bá wà láàyè pọ̀

Ó dájú pé àkókò kan máa wà tí àwọn kan á wà níbí, tí àwọn kan á sì wà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá jẹ́ kí sáfà méjèèjì máa kọ dátà sí dátábéèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tú u ká, àwọn nǹkan kan á sì sọnù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé, ní kété tí DNS bá yí, kí sáfà àtijọ́ yé ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó máa gba ìpè kó sì máa darí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ sáfà tuntun gẹ́gẹ́ bí proxy. Ẹni tó ṣì di àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ mú á gba ìdáhùn tó péye, tí ó fi díẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, dátà á sì wà lójú kan. Ẹ jẹ́ kó fi IP client gan-an sínú `X-Forwarded-For`, kí log yín (àkọsílẹ̀ àwọn ìpè) lè wúlò. Bí ẹ bá ṣe èyí, ọ̀rọ̀ TTL àti ti ìsopọ̀ á yé jẹ́ ewu. Á di ohun tí ẹ kàn ń dúró kó parí.

Ó ṣì ku àwọn ìpè tó bọ́ sí ojú àsìkò tí dátábéèsì ń lọ. Áàpù gbọ́dọ̀ lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìdúró rẹ̀ máa pọ̀ sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kíka nǹkan lásán ò léwu láti tún ṣe. Sísan owó léwu. Ẹ fún gbogbo ìpè tó ń yí nǹkan padà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí áàpù ṣẹ̀dá, kí áàpù máa lo nọ́ńbà kan náà nígbà tó bá tún un ṣe, kí sáfà sì dá ìdáhùn àkọ́kọ́ padà dípò kó yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí session àwọn oníbàárà bá wà nínú memory sáfà àtijọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi tí sáfà méjèèjì ti lè rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo wọn ló máa padà tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìdánwò

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ lè bá sáfà tuntun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ gidi kí DNS tó yí rárá:

`curl --resolve api.example.com:443:198.51.100.20 https://api.example.com/`

Èyí á jẹ́ kí curl lọ sí IP tuntun, pẹ̀lú orúkọ gidi àti àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí gidi. Bí ó bá kùnà níbí, á kùnà fún gbogbo ènìyàn. Fún àwọn áàpù tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlà kan sínú `/etc/hosts` ẹ̀rọ ìdánwò, kí ẹ sì rántí yọ ọ́.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù, tí àwọn ènìyàn sì máa ń fò, ni pé kí ẹ ṣe ìyípadà DNS gan-an lórí orúkọ ìdánwò nígbà tí áàpù ń ṣiṣẹ́. Ẹ tan sáfà kékeré méjì, ẹ fún orúkọ náà ní TTL 60, ẹ jẹ́ kí áàpù yín máa pè é láìdúró, ẹ wá yí i padà. Ẹ jókòó ti log sáfà méjèèjì kí ẹ sì wo ìgbà tí ìpè tó kẹ́yìn dé sáfà àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ẹ ti múra. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí kò tíì kúrò, pool kan tàbí cache kan wà tí ẹ ò tíì rí, ó sì sàn kí ẹ rí i lọ́sàn-án yìí.

Òru náà, àti lẹ́yìn rẹ̀

Bí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀, òru náà ò ní gùn. Ẹ dá kíkọ dátà dúró, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì tuntun bá ti àtijọ́ dọ́gba, ẹ sọ sáfà àtijọ́ di proxy, ẹ sì ṣí kíkọ padà. Ẹ rí i pé nígbà yìí gbogbo ènìyàn ti ń lo sáfà tuntun, láìjẹ́ pé DNS tíì yí. Ẹ lè wò ó dáadáa, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ yọ proxy kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bá ti wọ dátábéèsì tuntun ní àkókò díẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa ní láti gbé padà. Ọkàn yín balẹ̀ tán, ẹ wá yí A àti AAAA padà, ẹ ṣe reload àwọn nginx, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi `Connection: close` dáhùn lórí ti àtijọ́.

Láti ìgbà náà lọ, log sáfà àtijọ́ ni ìwé tó yẹ kí ẹ máa kà. Ẹ to àwọn tó ṣì ń wá síbẹ̀ nípa IP wọn àti User-Agent wọn (orúkọ áàpù tó ń pè). Ní wákàtí àkọ́kọ́ wọ́n á pọ̀, wọ́n á máa dínkù. Àwọn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ méjì ní orúkọ: ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tó kọ IP sínú kóòdù, JVM kan tí kò sùn rí, ẹ̀dà áàpù fóònù kan tó ti pẹ́. Ẹ pe àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn robot tó kàn ń wá ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ máa wà níbẹ̀ títí, ẹ má ka àwọn yẹn mọ́ wọn.

Bí ẹ bá rò pé gbogbo ènìyàn ti kúrò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí sáfà àtijọ́ kọ ìsopọ̀ lójú ọ̀sán fún wákàtí kan, kó kọ̀ ọ́ kíákíá pẹ̀lú RST (àmì TCP tó ń kọ ìsopọ̀) dípò kó dákẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí sí ẹni tó máa pariwo. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pariwo, ẹ pa á. Ẹ dá TTL padà sí 3600 tàbí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tó ń yá yín ní sáfà bá gbà, ẹ má tíì jọ̀wọ́ IP àtijọ́ náà fún oṣù mélòó kan. Ọjọ́ tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn, client tó bá sì ṣì ń rántí rẹ̀ á máa rán dátà àwọn oníbàárà yín lọ sórí sáfà ẹni tí ẹ ò mọ̀. TLS á dáàbò bò yín níbi tí áàpù bá ti ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò. Níbi tí ẹnìkan ti pa àyẹ̀wò yẹn nínú kóòdù nítorí ìdánwò kan tí kò sì tan án padà, kò sí ààbò kankan. Torí náà, ẹ fi grep wá ìyẹn náà nígbà tí ẹ bá ń wá IP.